Ó Ní Òun Ti Pààrọ̀ Ọ́ìlì Bààlúù Ẹ̀gbọ́n Òun

Ọ̀nà méjì ni ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì bààlúù kékeré ń gbà darúgbó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ èyí, torí láìmọ̀ ọ́n, ohun tí obìnrin inú ìtàn yìí ṣe kò ní yé wa.

Ọ̀nà kìíní ni iṣẹ́. Bí bààlúù bá ti fò fún àádọ́ta wákàtí, ọ́ìlì rẹ̀ á ti dúdú, agbára rẹ̀ á ti tán. A ní láti tú u dànù kí a rọ tuntun. Èyí yé gbogbo ẹni tó bá ní mọ́tò.

Ọ̀nà kejì ni kì í tètè yé èèyàn. Ìdúró ni. Bààlúù tí kò fò rárá, tó kàn dúró sí gáréèjì, ọ́ìlì tirẹ̀ náà ń bàjẹ́. Omi inú afẹ́fẹ́ á máa wọ inú rẹ̀, ọ́ìlì á máa kan díẹ̀díẹ̀, irin inú ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Ìdí nìyẹn tí àwọn mẹkáníìkì fi ń sọ pé àádọ́ta wákàtí tàbí oṣù mẹ́rin, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé.

Ohun kan wà tó tún burú ju ìdúró lọ. Ìyẹn ni kí a máa tan ẹ́ńjìnnì nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a sì pa á láìjẹ́ kó fò. Ẹ wo ìkòkò omi tí a dé, tí a gbé kaná, tí a sọ̀ kalẹ̀ kó tó hó. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ wò. Omi á ti lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Bó ṣe ń rí nínú ẹ́ńjìnnì náà nìyẹn. Ooru tí ẹ́ńjìnnì ń ní nílẹ̀ kì í tó lé omi náà jáde, àfi kí bààlúù gòkè lọ ṣiṣẹ́.

Àǹtí Sípánà mọ gbogbo èyí. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn ní pápá bààlúù kékeré tó ti ń ṣe mẹkáníìkì. Kódà, ó ti bá ọ̀gá kan wí rí lórí ẹ̀. Ọ̀gá náà a máa wá tan bààlúù rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, á jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì dúdú lójú, á pa á, á sì máa lọ sílé.

"Ọ̀gá," ni Àǹtí Sípánà sọ fún un, "ẹ jẹ́ kó fò, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kó sùn. Èyí tí ẹ ń ṣe yìí, omi lẹ̀ ń rọ sí i nínú."

"Ṣé mi ò wá ní lè gbádùn nǹkan mi ni?"

"Ẹ máa wò ó. Ẹ ṣáà má tan án."

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àìmọ̀ ló pa á.

Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló ní. Dókítà eyín ni ẹ̀gbọ́n náà, ó sì ní bààlúù funfun kan tó ń gba èèyàn mẹ́rin. Bí àkókò àtipààrọ̀ ọ́ìlì bá tó, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń ṣe é. Àbúrò á tú ọ́ìlì, ẹ̀gbọ́n á gba fíltà, ìyẹn agolo kékeré tí ọ́ìlì ń gbà kọjá kó lè mọ́. Wọ́n á fi ọ̀bẹ kan tó dà bí èyí tí a fi ń ṣí agolo la fíltà náà, wọ́n á fa bébà kíká inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sínú oòrùn.

Bí bébà náà bá mọ́, ara ẹ́ńjìnnì le. Bí èérún irin bá ń dán lórí rẹ̀, nǹkan kan ti ń jẹ irin nínú lọ́hùn-ún.

Ojú tí dókítà eyín fi ń wá eyín tó jẹrà ni ẹ̀gbọ́n fi máa ń yẹ bébà náà wò. Á mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lò níbi iṣẹ́ jáde lápò, á tẹ̀ síwájú.

"Ya ẹnu," á sọ fún fíltà. "Yà á sí i. Ó máa dùn ẹ́ díẹ̀."

"'Díẹ̀' yín yẹn náà ni mi ò fi ń gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yín kọjá," ni àbúrò á fèsì.

"Mo ti rí i. Eyín ẹ ọ̀tún lókè ń bẹ̀bẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kọjú sí fíltà yín."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣeré nìyẹn, títí àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ fi mú ẹ̀gbọ́n.

Àìsàn náà ò bá a ṣeré rárá. Kíá ni ó di èrò ọsibítù, kíá sì ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ dá wa bààlúù mọ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti na kọ́kọ́rọ́ bààlúù sí àbúrò rẹ̀.

"Bá mi tọ́jú ẹ̀," ló wí. "Bí ara mi bá gbé kánkán díẹ̀, Tíṣà á jókòó tì mí, màá gbé e fò lẹ́ẹ̀kan sí i."

Tíṣà ni ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní wíwa bààlúù ní pápá náà. Òun ló kọ́ ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀.

"Ẹ máa gbé e fò, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ máa gbé e fò dáadáa."

"Mi ò ní kó pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí n yípo, kí n wolẹ̀ láti òkè, kí n sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wu àìsàn yìí ni kó fi mí ṣe."

Àbúrò gba kọ́kọ́rọ́. Ó ṣèlérí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ń gbá gáréèjì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ.

"Níbo lo wà?"

"Ẹ̀gbẹ́ bààlúù yín ni mo wà."

"Tan án fún mi, kí n gbọ́ ohùn ẹ̀."

Àǹtí Sípánà rántí ọ̀gá onígíláàsì. Ó wá sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ò lè pa nǹkan. Ó ti bààlúù síta, ó tan án. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó wúkọ́, ó gbà. Abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ fẹ́ eruku ilẹ̀ kúrò. Ó na fóònù sí i títí apá fi ń ro ó.

Nígbà tó pa á tó gbé fóònù padà sétí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹkún.

"O ṣeun," ló ń wí. "O ṣeun, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ṣé o ò kàn ń tan án nílẹ̀ ṣá? Ṣé ò ń jẹ́ kó fò?"

Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Irọ́ náà ò tóbi. Ó kéré débi pé kò fura pé irọ́ lòun fẹ́ pa.

"Tíṣà máa gbé e yípo pápá ní kété tí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀."

Tíṣà ò sí nílùú rárá. Ó ti lọ kọ́ àwọn kan níṣẹ́ níbòmíì, oṣù mélòó kan ni wọ́n sì ní kó lò. Àǹtí Sípánà ní bó bá dé, òun á bẹ̀ ẹ́ kó máa gbé bààlúù náà fò, irọ́ náà á sì di òótọ́ fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é. Ẹlẹ́yinjú ló máa ń pè é, láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wọn.

"Ẹlẹ́yinjú, kí lẹ ṣe fún ọkọ mi?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó jẹun! Ó jẹ búrẹ́dì, ó ní kí n fi ẹyin sí i, ó tún ń bá nọ́ọ̀sì jà pé tíì ò gbóná. Láti ìjẹta tí omi lásán ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun ẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ ṣe yẹn, ẹ tún un ṣe."

Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí á sọ pé rárá, ọ́ìlì lòun ń rò?

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Àǹtí Sípánà wá ń tan bààlúù náà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀, tó ń jẹun, tó ń fi nọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni omi ń lẹ̀ mọ́ irin nínú ẹ́ńjìnnì. Ó mọ̀. Ó ní òun á fi ọ́ìlì tuntun fọ̀ ọ́ tó bá di oṣù kẹrin.

Oṣù kẹrin pé. Ó mú ẹ́ńjìnnì gbóná, torí ọ́ìlì tó bá gbóná ló ń kó ìdọ̀tí dání jáde. Ó gbé bàsíà sábẹ́, ó tú u. Ọ́ìlì náà ò dúdú tó ti tẹ́lẹ̀. Àwọ̀ eérú ló ní, ó ń hó yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ bí omi ọṣẹ. Ó la fíltà, ó fa bébà rẹ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ sínú oòrùn.

Bébà náà ń dán.

Ó fi òòfà kọjá lórí rẹ̀. Èérún irin dìde bí irun ọrùn ajá tó ń bínú.

Ó mọ ohun tó ń wò. Irin kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tó ń yí láti máa ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́. Irin yẹn ti dípẹtà, ojú rẹ̀ sì ti ń bó.

Ìgbà yẹn náà ni fóònù dún.

"Àbúrò, lónìí ni ọ́ìlì, àbí? Ṣé o ti pààrọ̀ ẹ̀?"

"Mo ń ṣe é lọ́wọ́."

"Ọ̀la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ òògùn líle yẹn fún mi. Wọ́n ní á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kó tó wò mí." Ó wá béèrè pé, "Eyín bààlúù mi ńkọ́?"

Àǹtí Sípánà wo bébà tó ń dán nínú oòrùn.

"Ó mọ́, Bọ̀ọ̀dá. Kò sí ihò kankan."

"Mo mọ̀! Nínú àwa méjèèjì, èmi nìkan ni nǹkan ń jẹ nínú."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ká bébà náà sínú àkísà, ó sọ ọ́ sí garawa ìdọ̀tí, ó sì da àkísà mìíràn lé e.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, ká fara balẹ̀ wò ó. Lọ́jọ́ yẹn, nǹkan ò tíì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ká ní ó sọ òótọ́, wọn ì bá tú ẹ́ńjìnnì náà, wọn ì bá pààrọ̀ irin tó bó, wọn ì bá sì tún un tò kó tó di pé ẹ̀gbọ́n parí òògùn líle. Àkókò wà. Ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ohun tí kò sí ni ìgboyà àtisọ fún ẹni tí ń lọ gba òògùn lọ́la pé ohun kan ṣoṣo tó ń retí ti ń ṣàìsàn bíi tirẹ̀.

Ó rọ ọ́ìlì tuntun. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún tan ẹ́ńjìnnì náà sí fóònù.

Tíṣà dé láti ìrìn àjò. Àǹtí Sípánà ò bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e fò mọ́, torí ẹni tó bá gbé e fò á gbọ́ ohun tó ń ṣe é. Bí Tíṣà bá ní, "Dókítà wa ńkọ́?" á ní, "Ó ń gbìyànjú," á sì yára wọ gáréèjì lọ bí ẹni tí iṣẹ́ ń pè.

Oṣù mẹ́rin mìíràn tún pé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tilẹ̀ gbé bàsíà. Ó dúró níwájú bààlúù náà pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan sókè tó ń tì í lójú di òní: "Bí mi ò bá la fíltà, mi ò ní rí nǹkan kan."

"Ṣé o ti pààrọ̀ ẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n bi í lórí fóònù.

"Mo ti pààrọ̀ ẹ̀."

"Eyín ẹ̀?"

"Bíi ti ọmọdé."

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ọsibítù ní òògùn líle ò ràn án. Wọn ò ní fún un mọ́. Ara rẹ̀ á fúyẹ́ díẹ̀ bí òògùn náà bá ti ń kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́. Bó bá ní ohun tó fẹ́ ṣe, kó tètè ṣe é.

Gbogbo wa mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

"Ọjọ́bọ̀," ló wí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ le bíi ti tẹ́lẹ̀. "Mo ti bá Tíṣà sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ń bọ̀ wá wò wá."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò ṣe kúkú lo bààlúù ilé ẹ̀kọ́ Tíṣà? Ìjókòó tiwọn rọ̀ dáadáa."

"Ṣé eyín ẹlòmíì lo fẹ́ kí n fi jẹun ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Àbúrò ò lè rẹ́rìn-ín.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ló burú jù nínú ìtàn yìí. Ó ń ronú pé ìrìn díẹ̀ ni, wọ́n á kàn yípo kan péré. Ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lè fò gbogbo àárọ̀ láìṣe nǹkan kan. Òótọ́ ni. Ó sì lè kú sọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó rí ibi tí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ sí. Òótọ́ lèyí náà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dé ibẹ̀.

Ó pinnu pé lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, òun á tú ọ́ìlì àtijọ́, òun á sọ fíltà rẹ̀ nù láìlà á, òun á sì rọ tuntun. Á wá dà bíi pé gbogbo nǹkan lọ bó ṣe yẹ.

Ó dé pápá nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà níwájú gáréèjì.

"Kò jẹ́ ká sùn," ni ìyàwó wí, ó ń yán. "Ó ń jí mi bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ mú lọ síbi ìgbafẹ́. Ẹlẹ́yinjú, ẹ bá mi sọ fún un kó jókòó jẹ́ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n jáde nínú mọ́tò. Aṣọ rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ. Ó di èjìká ìyàwó rẹ̀ mú, ó rìn dé ìdí bààlúù, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lára. Lẹ́yìn náà ló fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ yọ nínú àpò, ó ti fi bébà ìnujú wé e.

"Ká tó fò, àwa méjèèjì máa pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, mo ti pààrọ̀ ẹ̀. Ọ́ìlì tuntun ni."

"Mo mọ̀. Mi ò ní o ò ṣe é. Mo kàn fẹ́ ká jọ ṣe é ni. Ṣé o rò pé a tún máa jọ ṣe é lẹ́yìn òní?"

"Ó máa rẹ̀ yín."

"Ó ti rẹ̀ mí tẹ́lẹ̀. Gbé bàsíà wá."

Tíṣà ti dé, ife kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Aláìsàn tó fẹ́ yọ eyín bààlúù rèé! Àǹtí Sípánà, ẹ fún un, jọ̀ọ́. Ojú ọ̀run ṣì mọ́, a ní àkókò."

Kò sí ibi tó lè sá gbà mọ́. Ó tan ẹ́ńjìnnì kó gbóná.

Tíṣà gbé ife kọfí kúrò lẹ́nu. Ó tẹ́tí. "Ohùn yìí ò bá mi lára mu."

"Ohùn ẹ̀ nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n wí tayọ̀tayọ̀. "Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń gbọ́ ọ lórí fóònù kí ìwọ tó gbé e fò."

"Kí ta tó gbé e fò?"

"Ìwọ. Ní Sátidé."

"Èmi?" Tíṣà wo Àǹtí Sípánà. "Dókítà, mi ò fọwọ́ kan bààlúù yín láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti wọ ọsibítù."

Àǹtí Sípánà pa ẹ́ńjìnnì. Ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì dà sínú bàsíà, aláwọ̀ eérú, pẹ̀lú òkìtì ìhó lójú. Kò sẹ́ni tó ní láti tọ́ ọ wò kó tó mọ̀ pé kì í ṣe tuntun.

"La fíltà," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Ó là á. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló fa bébà inú rẹ̀ jáde, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀. Irin ló kún ojú rẹ̀, bí ìpẹ́ ẹja lórí pákó tí wọ́n ti ń ha ẹja. Kò lo òòfà. Kò tilẹ̀ lo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó mú wá. Ó kàn ń wò ó bó ṣe máa ń wo fọ́tò eyín tó ti kọjá ìtọ́jú.

"Ìgbà wo lo rọ ọ́ìlì yìí?"

Àǹtí Sípánà sọ fún un.

"Ìgbà tó o rọ ọ́, fíltà tó o là nígbà yẹn, ṣé ó mọ́?"

"Rárá."

"O sọ pé kò ní ihò kankan."

"Bọ̀ọ̀dá, ọjọ́ kejì lẹ máa bẹ̀rẹ̀ òògùn."

Ẹ̀gbọ́n gbé ojú sókè. Kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo.

"Lónìí ńkọ́? Ká ní mi ò sọ pé ká jọ pààrọ̀ ọ́ìlì, ṣé wàá jẹ́ kí n gbé e fò?"

Àbúrò fẹ́ sọ pé rárá. Ó la ẹnu. Rárá ò jáde.

"Mo rò pé á kàn yípo kan ni," ló wí.

Ìyàwó ti gbé ọwọ́ lé orí. "Kí lo sọ?" Kò pè é ní Ẹlẹ́yinjú, kò sì fi ọ̀wọ̀ sí i. "Ọkọ mi tó kù díẹ̀ fún, o tún fẹ́ gba díẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹ̀? Tíṣà tí ọmọ rẹ̀ ò tíì dá jókòó, kí ló ṣe ẹ́?"

"Mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe…"

"Sísọ ni! Kó o sọ! Ẹnu tó o fi ń parọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣé kò ṣeé fi sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan ni?"

Tíṣà ló dá sí i. Ó ní bààlúù ilé ẹ̀kọ́ òun wà lókè pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́, á sọ̀ kalẹ̀ láìpẹ́. Ṣé Dókítà lè ní sùúrù díẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ní òun lè ní sùúrù. Kò sọ nǹkan kan nípa eyín ẹlòmíì mọ́.

Wọ́n jókòó sínú mọ́tò, wọ́n ń dúró. Àǹtí Sípánà dúró sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, torí kò sẹ́ni tó ní kó wá jókòó. Afẹ́fẹ́ yí padà. Ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ láti ìhà kejì pápá, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń dúdú. Bààlúù ilé ẹ̀kọ́ fò wọlé, ó sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń jáde nínú rẹ̀ ni òjò dé.

Òjò náà ò dá títí wọ́n fi lọ.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ni Tíṣà wí lójú wíńdò mọ́tò, omi ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ni ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì dìde níbẹ̀ mọ́.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ́ìlì nìkan la fẹ́ kọ́ ara wa, ó ti tán. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, bààlúù ì báà fò, ì báà má fò. Ẹ la fíltà, ẹ wo inú rẹ̀, ohun yòówù kí ẹ rí níbẹ̀. Bí bààlúù ò bá lè fò, ẹ má tan án. Ọmọ ọlọ́jọ́ kan níbi iṣẹ́ náà lè há èyí sórí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Àǹtí Sípánà ò mọ̀ àfi lẹ́yìn tó bàjẹ́ tán. Ó rò pé bààlúù lòun bà jẹ́. Ó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti dárí jì ẹ́," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Dìde. Eékún á máa dùn ẹ́."

Ó dìde, ó rò pé ó ti tán nìyẹn. Ó gbé ife omi fún un.

"Omi yìí ò tutù jù, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ mu ún."

Ẹ̀gbọ́n yí ojú sí ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

Ìyàwó dìde, ó fọwọ́ kan ife náà. "Lóòótọ́ ni. Ẹ mu ún."

Ìgbà yẹn ló tó mu ún.

Kì í ṣe pé ó ń fi ìyẹn jẹ ẹ́ níyà. Ara rẹ̀ ò tiẹ̀ lágbára irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó kàn jẹ́ pé ó ti mọ́ ọn lára ni. Bí àbúrò bá ní nọ́ọ̀sì ń bọ̀, á wo ìyàwó. Bí àbúrò bá ní àwọn ọmọ ti ti ilé ìwé dé, á wo ìyàwó. Bí àbúrò bá ní ojú rẹ̀ le díẹ̀ lónìí ju àná lọ, kò tilẹ̀ ní wo ẹnikẹ́ni. Á kàn pa ojú dé. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìtùnú tí aláìsàn máa ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọmọ ìyá rẹ̀ ni àbúrò ti ná tán nígbà tí ẹ̀gbọ́n ṣì lágbára. Nígbà tí ó wá nílò wọn gan-an, kò sí èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́nu àbúrò tó ṣeé gbà gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó lò kẹ́yìn, èémí rẹ̀ ti ń já. Àǹtí Sípánà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù, ó sì fúyẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá," ló wí, "mo fẹ́ràn yín. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ràn tó yín láyé yìí."

Ẹ̀gbọ́n la ojú. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó rọra yí orí lórí ìrọ̀rí, títí tó fi rí ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé lóòótọ́ ni?"

Ìyàwó wo àbúrò ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ sinmi," ló wí. "Ẹ ṣáà sinmi."